Ìjà Tí A Kò Jà

Láàárín àwa ọmọ ìlú wa tí a ń gbé Kàdúná nígbà náà, obìnrin kì í dédé sọ pé òun fẹ́ lọ sílé. Nígbà Kérésì ni a máa ń lọ, tọkọtaya pa pọ̀, pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ. A sì máa ń lọ bí ẹnìkan bá kú. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá mẹ́nu kan ilé láàárín ọdún, tí kò sí òkú, tí kò sí ìgbéyàwó, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn gbà pé ó ń sọ: ọkọ ti sú u, ó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ òfin yìí fún mi nígbà tí mo dé. Ìgbà tí mo rú u ni mo tó mọ̀ pé ó wà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Yàrá kan ni a gbà ní Túdùn Wàdá, nínú agboolé Hausa kan tí ògiri rẹ̀ ga débi pé orí igi máńgòrò àdúgbò nìkan la máa ń rí láti inú ọgbà. Ọkọ mi jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Á gun kẹ̀kẹ́ lọ láàárọ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á sì dé ní ọ̀sán pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì pupa, nítorí eruku. Èmi ń fi òwú hun fìlà ọmọdé, mo ń tà á ní ọjà Kasuwan Barci, torí òtútù ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọmọ wa àkọ́bí, obìnrin, kò tíì máa rá nígbà yẹn. Ọkọ mi kì í lù mí, kì í mutí, kì í sùn síta. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí kò sẹ́ni tó fi í sọ́kàn nígbà náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, obìnrin kan láti ìlú wa lẹ́bàá Kábà wá kí àbúrò rẹ̀ ní Kàdúná, ó sì yà sọ́dọ̀ mi. Ó jẹun tán, ó gbé ọmọ mi jó díẹ̀, ó wá ní, "Ìyá rẹ kí ọ o. Ojú ti ń dùn wọ́n gan-an. Tí wọ́n bá ń bu omi fún àlejò, ẹ̀gbẹ́ ife ni wọ́n ń dà á sí." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èmi kò bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi nìkan ni ìyá mi bí tó yè, bàbá mi sì ti kú. Ìyá mi kò tíì rí ọmọ mi sójú rí. Mo rí i lọ́kàn mi bó ṣe ń da omi sílẹ̀ tó rò pé inú ife ló ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìyá mi rí ojú ọmọ yìí kí ojú tirẹ̀ tó kú tán. Kí n lọ, kí n lo ọ̀sẹ̀ méjì, kí n padà sílé ọkọ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ọkọ mi ṣe ń jẹun, mo kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì, mo ní, "Mo fẹ́ lọ sílé, kí n gbé ọmọ yìí lọ han ìyá mi, torí ojú wọn..."

Ó dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ojú ìyá mi ni mo ń sọ."

"Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, sọ fún mi. Má sọ pé ò ń lọ sílé."

Mo rí ibi tó ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Ibi tí mo ti dárúkọ ilé ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ ọ́ rí, ní Kàdúná níbẹ̀ náà, pé òun ń lọ wo ìyá òun. Kò padà mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro tuwó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀rẹ́ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí ni ọkọ mi ń gbé nígbà náà, òun ló ń fọ ìkòkò. Nítorí náà, bí ilé ṣe jáde lẹ́nu mi báyìí, ó ti padà sídìí ìkòkò yẹn, àga ni mo ń bá sọ gbogbo ìyókù.

Mo tún un sọ láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, bó ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní ṣé oúnjẹ ni kò tó ni. Mo tún un sọ lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun yóò máa tètè dé láti ibi iṣẹ́. Lóòótọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé. Ó ra àǹkárá fún mi, ó ra bàtà fún ọmọ tí kò tíì dìde. Ọkùnrin yìí ń bẹ̀ mí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, bó sì ṣe ń ṣe dáadáa sí mi tó ni ọ̀nà ilé ń jìnnà sí mi tó. Báwo ni obìnrin ṣe máa gba aṣọ tuntun lónìí kó tún sọ pé òun ń lọ lọ́la? Mo bínú sí aṣọ náà bí ẹni pé ó ní ẹnu. Mo tì í sísàlẹ̀ àpótí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi sú u, ó gbé e lọ sí ìpàdé ọmọ ìlú. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n máa ń ṣe é, ní pálọ̀ bàbá alága, àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní rélùwéè, tó sì mọ Kàdúná ju ìlú wa lọ. Ọkọ mi kò pè mí lẹ́jọ́ o. Ìmọ̀ràn ló ní òun ń wá. Wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó wa, sọ tẹnu rẹ," ni alága wí.

Mo rò pé ọ̀nà ti là fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí omi àti ife. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ máa ń rí ohun tí àwọn tó jókòó kò rò pé ó ń rí. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, bàbá kan ti gbójú sókè àjà, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyànjú tirẹ̀ ló ń tò jọ kó má bàa gbàgbé. Bàbá kejì ń wo ìyàwó tirẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ilé tirẹ̀ ló ń gbọ́, ẹnu mi lásán ló ń bá a sọ ọ́. Alága ń mi orí, ó sì ń mì í níbi tí kò sí ohun tó yẹ kí ènìyàn mi orí sí. Ọ̀rọ̀ náà kú mọ́ mi lẹ́nu kí n tó dé orí ọmọ.

"Tó, a ti gbọ́," ni alága wí. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín tọkọtaya. Ọ̀rọ̀ tó ní àtúnṣe ni."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ò jà."

Wọ́n wo ara wọn. Inú alága dùn gan-an. "Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Kò fẹ́ tú àṣírí ọkọ rẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe tì mí mọ́ inú rẹ̀. Bí mo bá ní a ò jà, àṣírí ọkọ ni mo ń bò. Bí mo bá dákẹ́, mo ti gbà nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi, obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe dùn ún tó?" Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹkún, wọ́n ní ìbànújẹ́ ti ń wọ̀ mí lórí. Mo wo ọkọ mi pé kó gbà mí sílẹ̀, ṣebí òun ló mọ̀ pé a ò jà. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Àwọn àgbà ń ṣàlàyé ìjà wa fún wa lọ, wọ́n ń sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó fẹ́ gbà yọ, títí mo fi rí i lójú ọkọ mi pé òun náà ti ń wá ìjà náà kiri nínú orí rẹ̀, bóyá a ti jà á tí òun kò mọ̀.

Wọ́n parí ìjà náà. Wọ́n ní kí n bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n pín obì. Wọ́n wá dájọ́ pé kí n má lọ sí ibì kankan títí di Kérésì, nígbà tí àwa méjèèjì yóò jọ lọ, kí ará ilé má bàa sọ pé ilé wa tú. Alága tún ní àwọn yóò ránṣẹ́ sílé kí ọkàn wọn lè balẹ̀ níbẹ̀. Kérésì tí wọ́n dá fún mi ló ń dún létí mi, mi ò ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí sí.

"Ṣé o rí i, ó ti parí," ni ọkọ mi wí bí a ṣe ń lọ sílé. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́.

"Kí ló parí?"

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni ìyá ìjọ wá, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ti ilẹ̀kùn, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ọmọ mi, èmi àti ìwọ nìkan ló wà níbí. Sọ gbogbo rẹ̀ fún mi." Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu rárá. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ nípa ìyá mi, ọkàn mi sì ń fúyẹ́, mo ń sọ nínú ara mi pé Ọlọ́run ti rán ẹnìkan sí mi. Mo parí. Ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀, ó súnmọ́ mi, ó wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta ni obìnrin náà?"

"Obìnrin wo, mà?"

"Èyí tí ọkọ rẹ ń bá rìn."

Mo fẹ́ràn ìyá yẹn títí tó fi kú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà díẹ̀ ló kù kí n lé e síta.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn gba ọ̀nà ilé lọ. Mo gbìyànjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo pọn ọmọ, mo di aṣọ díẹ̀, mo gba ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ. Ọkọ̀ ojú irin ló máa gbé ènìyàn dé Ìlọrin, kó tó wá wọ lọ́rì. Ọmọ ìlú wa ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó bá wa parí ìjà. Láti ojú fèrèsé ló ti rí mi. N kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi jáde wá pàdé mi.

"Ìyàwó wa, háábà. Ṣebí a ti parí ẹ̀?"

Mo ní mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, mo kàn fẹ́ lọ wo ìyá mi ni. Ó ní òun mọ̀, òun mọ̀. Ó fi mí jókòó sórí àga nínú ọ́fíìsì, ó ra ẹ̀pà síse fún mi, ó sì ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń jẹ ẹ̀pà. Ọkọ̀ ojú irin dé, ó fun fèrè, ó lọ. Kò sí ẹni tó jágbe mọ́ mi lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ṣe pé wọ́n jágbe ni, ì bá sàn fún mi, torí ǹ bá ti mọ ẹni tí n ó bá jà. Láti ìgbà yẹn, ọkọ mi kì í jáde lọ síbi iṣẹ́ láìkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bóyá àpótí mi ṣì wà níbẹ̀.

Òjò wá rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Ọ̀nà ọjà di ẹrẹ̀, n kò sì lè lọ lójoojúmọ́ mọ́. Mo ń jókòó sínú yàrá kan náà, láàárín ògiri mẹ́rin, mo ń hun fìlà tí ẹnikẹ́ni kò ní rà títí ọyẹ́ fi máa dé. Lójoojúmọ́ ni mo ń bi ara mi pé ṣé òní ni ojú náà máa kú tán. Mo dákẹ́ ọ̀rọ̀ ilé. Ọkọ mi rò pé àlàáfíà ni. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí." Mo fẹ́ jáde lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọn ì bá gbọ́? Pé ìjà ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ló bi mí ní ìbéèrè. Ẹlẹ́hàá ni ìyàwó onílé wa, kì í jáde lójúmọmọ, èmi ni mo máa ń bá a ra nǹkan wá láti ọjà. Kò gbọ́ Yorùbá rárá. Hausa tèmi sì rèé, Hausa ọjà ni: èló ni, ẹ dín in kù, kò sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò sé wa mọ́lé, ó rí i pé mo ń sunkún sórí òwú. Ó ní, "Mene ne?" Kí ló dé? Mo kó àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ní jọ.

"Uwata," ni mo wí. Ìyá mi. Mo fi ọwọ́ kan ojú. "Ido. Babu." Ojú. Kò sí.

Ó gbé igbá fúrá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò mi orí. Ó ń wò mí, ó ń dúró bóyá mo ṣì ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Nígbà tó rí i pé kò sí mọ́, ó fi ìka kan ojú tirẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó ní, "Idon hagu ne, ko na dama?"

Ojú òsì ni, àbí ti ọ̀tún?

Mi ò mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń sunkún ojú ìyá mi kiri Kàdúná, kò sẹ́ni tó bi mí. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé n kò mọ̀. "To," ni ó wí. "Ki tambaye ta." Kí n bi ìyá mi. Kò gbà mí nímọ̀ràn kankan, ó kàn bu fúrá fún mi mu. Mo ti ro ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn títí. Kò mọ ìlú wa, kò mọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kò sì ní ọ̀rọ̀ ìyànjú tó lè fi èdè tí mo gbọ́ sọ. Kò sí nǹkan kan nínú orí rẹ̀ tó lè fi rọ́pò ohun tí mo sọ fún un, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ kò lè jáde, báwo ló ṣe fẹ́ mú mi jáde?

Ọyẹ́ dé, fìlà tà, Kérésì dé. Ọkọ mi tìtorí ọ̀nà ilé ra ìrẹsì àti aṣọ fún ìyá mi, inú rẹ̀ ń dùn pé òun mú ìlérí òun ṣẹ. A wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin, a wọ lọ́rì. Mo dé ọmọ ní fìlà pupa, èyí tó rẹwà jù nínú gbogbo ohun tí mo hun lọ́dún náà, kí ojú tí kò ríran dáadáa lè tètè rí i.

Ìyá mi jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti mọ̀ kí n tó kí i, torí a wọlé, ó sì ń wo ògiri. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá mi."

Ọkọ mi gbé àpótí wa kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ lápá kejì, ó ní, "Ẹ kú ilé, mà." Bí ìyá mi ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, ó dìde lórí ẹní, ó fi ọwọ́ wá ọ̀nà síwájú díẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ibi tó ti gbọ́ ìró àpótí ló kọjú sí.

"Àna mi, mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀," ni ó wí fún àpótí náà. "Wọ́n ti ránṣẹ́ sí wa láti ọ̀hún. Ẹ bá mi forí jì í. Ọmọdé ló ń ṣe é. Èmi ni n kò kọ́ ọ dáadáa."

Nílùú wa, ìyá ìyàwó kì í kúnlẹ̀ fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Mi ò rí i rí, ọkọ mi náà kò rí i rí. Ó fò dìde, ó sáré yí lọ síwájú ìyá mi, láàárín òun àti àpótí, ó sì fi ikùn lélẹ̀ níbẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. A ò jà. A ò jà rárá."

Ìyá mi mi orí. Gbogbo ojú rẹ̀ rọ̀ fún un. "Ọmọ dáadáa ni yín," ni ó wí. "Ẹ ò fẹ́ tú àṣírí ìyàwó yín."

Ọkọ mi gbójú sókè wò mí. Mo mọ ojú yẹn. Òun ni mo fi wò ó ní pálọ̀ alága lọ́jọ́ tó ń wo bàtà rẹ̀. Ó tún ní, "A ò jà," ṣùgbọ́n èmi ló ń sọ ọ́ fún lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ sì wá sílẹ̀, bí ẹni pé ìgbà náà gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Inú mi fẹ́ kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n orúnkún ìyá mi wà nílẹ̀.

"Ìjà náà ti parí, Ìyá mi," ni mo wí. "Ẹ dìde, ẹ gba ọmọ."

Ìgbà yẹn ló tó dìde. Mo gbé ọmọ sí i lọ́wọ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i síhà ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹni tó ti ríran rí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá lo ìka: iwájú orí, ìpéǹpéjú, imú. "Imú bàbá rẹ rèé," ni ó wí fún mi. Ọmọ náà di àtàǹpàkò rẹ̀ mú.

Mo bi í ní ìbéèrè tí mo gbé bọ̀ láti Kàdúná. "Ìyá mi, ojú wo ló kọ́kọ́ lọ?"

"Ti ọ̀tún ni. Ìyẹn ti pẹ́." Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí imú ọmọ. "Ti òsì ṣe dáadáa sí mi. Mo ṣì fi rí iṣu tuntun tí wọ́n gbé wá fún mi."

Ọkọ mi ṣì wà nílẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Mo rí i tó ń ka oṣù padà sẹ́yìn, láti ìgbà iṣu tuntun títí dé ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí mo kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀. Ó gbé iwájú orí lé apá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá mi gbọ́ ọ, ó na ọwọ́ wá orí rẹ̀ títí ó fi kàn án.

"Ẹ má sunkún mọ́, àna mi," ni ó wí. "Ṣebí ó ti parí."